Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Láfún àti Itọ́ Ẹnu Rí Bí Sítáàṣì Ṣe Ń Di Ṣúgà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kàwé dé SS1 á ti gbọ́ pé ṣúgà kéékèèké ló so pọ̀ di kábòháídréètì inú iṣu, ìrẹsì àti àgbàdo, àti pé ara wa máa ń tú u padà di ṣúgà. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú nóòtù, wọ́n sì ti kọ ọ́ jáde nínú ìdánwò. Àwọn tó ti fojú ara wọn rí i kò pọ̀ rárá, èyí sì ń dùn mí. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ níbí ní Aṣerò, l'Abẹ́òkúta. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ohun tí ìwé ń pè ní hàídrólísíìsì yìí, ẹnu wa ló ti ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ń jẹun. A lè mú un wá sórí tábìlì ká jókòó tì í, ká máa wò ó. Kò gba yàrá ìwádìí. Láfún díẹ̀, àyódíìnì ìgò kékeré kan àti itọ́ ẹnu ti tó.

Láfún ni mo yàn nítorí pé Ẹ̀gbá ni wá, ó ṣòro kéèyàn dé ilé wa kó má bá a nínú kéè. Ẹ lè rí èyí tó funfun dáadáa rà ní Kútọ̀ tàbí ní Lafẹ́nwá. Bí ẹ kò bá rí láfún, ẹ̀kọ, ìrẹsì tàbí sítáàṣì tí a fi ń lọ aṣọ á ṣe é. Ní ti àyódíìnì, ẹ lọ bá kẹ́mísìtì tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ ní èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ojú egbò lẹ fẹ́. Ó máa ń ki, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ kán an bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sínú omi ṣíbí ìjẹun méjì, kí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ di ti tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ tún wá kọ́ọ̀bù gíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwo funfun pẹrẹsẹ kan, ṣíbí tíì, àti dírọ́pà tí a fi ń kán oògùn ojú, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ohunkóhun tí àyódíìnì bá ti kàn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ má sì wọ aṣọ tí ẹ fẹ́ràn, torí pé ó máa ń mú aṣọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí a ṣe, torí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Glukóòsì ni ṣúgà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ sítáàṣì. Kábọ̀n 6, háídrójìn 12 àti ọ́síjìn 6 ló wà nínú mólékù rẹ̀ kan. Tí a bá fi kábọ̀n sí 12, háídrójìn sí 1, ọ́síjìn sí 16, ìwọ̀n rẹ̀ á jẹ́ 180. Ẹ mú glukóòsì méjì, ó di 360. Ẹ wá so wọ́n pọ̀, ohun tí ẹ máa rí ni máltóòsì, ìwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ 342. Mélòó ló dín? 18. Ẹ ka àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ náà: háídrójìn 24 ló yẹ kó wà níbẹ̀, 22 ló kù, ọ́síjìn 12 ló yẹ kó wà, 11 ló kù. Háídrójìn 2 àti ọ́síjìn 1 ló jáde lọ. Omi ni. Mólékù omi kan ló máa ń jáde ní gbogbo ibi tí glukóòsì kan bá ti di èkejì mú.

Ẹ fojú inú wo ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ni glukóòsì. Ìlẹ̀kẹ̀ gígùn tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ ni sítáàṣì. Tí glukóòsì 1,000 bá so pọ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, ibi 999 ni wọ́n ti di ara wọn mú, nítorí náà omi 999 ló jáde. Láti tú gbogbo wọn ká, omi 999 gbọ́dọ̀ padà wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ìkan ti jáde. Àwọn oníìwé ń pe ìsopọ̀ yẹn ní kọndẹnséṣọ̀n, wọ́n ń pe ìtúká yẹn ní hàídrólísíìsì. Ọmọ tó bá ti ṣe ìṣirò 360 àti 342 yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ kì í gbé ọ̀kan fún èkejì mọ́.

Ohun kan wà tí ìwé SS kì í sábà ṣàlàyé. Ewéko kì í kàn gbé glukóòsì méjì síra wọn kí omi sì jáde fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi agbára dì mọ́ ọ̀kan nínú wọn kó tó lè so ó mọ́ èkejì. Luis Leloir, ará Ajẹntínà, ló rí bí àwọn ṣúgà tí a ti fi agbára dì báyìí ṣe wà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1970. Ìdí nìyẹn tí ìkọ́lé fi máa ń ná ewéko ní nǹkan, tí ìtúká kì í fi í ná wa tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìṣirò omi yẹn kò yí padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́.

Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po láfún ṣíbí tíì kan títí kò fi ní ní kókó mọ́. Ẹ gbé omi kọ́ọ̀bù kan kaná. Nígbà tó bá hó, ẹ da láfún tí ẹ pò yẹn sí i, kí ẹ máa rò ó fún bíi ìṣẹ́jú 2. Kò gbọ́dọ̀ ki bíi ti èyí tí a ń fi ewédú jẹ. Kó ṣàn bí omi ni a fẹ́. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ má kánjú níbí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí: láfún tó ṣì gbóná á pa ẹ́ńsáìmù inú itọ́, ìyẹn ohun tó ń mú kí ìtúká náà yá, kó tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ bu díẹ̀ sínú àwo funfun, kí ẹ kán àyódíìnì sí i lẹ́ẹ̀kan. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọ̀ tíì yẹn á yí di aró, aró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ohun tó fà á ni pé ìlà glukóòsì gígùn inú sítáàṣì kò nà gbọọrọ. Ńṣe ló ń yí po, glukóòsì bíi 6 ní yíyípo kan, àyódíìnì á sì wọ inú ihò tó wà láàárín. Ibi tó wọ̀ sí yẹn ló ń fún un ní àwọ̀ aró.

Ẹ da èyí tó ti di aró yẹn sínú kọ́ọ̀bù, ẹ fi omi là á díẹ̀, kí ẹ gbé kọ́ọ̀bù náà sínú abọ́ omi gbígbóná gan-an. Ẹ máa wò ó. Àwọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá láti ẹ̀gbẹ́, á máa fúyẹ́ lọ títí kọ́ọ̀bù á fi mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ gbé e jáde, ẹ gbé e sínú omi tútù. Aró á padà wá, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbi tó ti kọ́kọ́ tutù. Sítáàṣì kò lọ síbìkan ní gbogbo àkókò yẹn o. Ooru ló tú yíyípo náà tí àyódíìnì fi jáde, òtútù sì mú un yí po padà. Nínú gbogbo ohun tí mo ń fi han àwọn ọmọ, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ó kọ́ wọn láti yẹra fún àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀: pé àwọ̀ lọ kò fi dandan túmọ̀ sí pé sítáàṣì ti tú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa nílò rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ kàn má jẹ́ kó pẹ́ jù nínú ooru, torí àyódíìnì fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ.

Ó kan itọ́. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu dáadáa, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá tu itọ́ sínú kọ́ọ̀bù mímọ́ títí yóò fi tó ṣíbí tíì méjì. Ẹni tó ni itọ́ ni kó máa fọwọ́ kan kọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ pín itọ́ náà sí méjì, kí ẹ se apá kan nínú agolo kékeré títí tó fi hó, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù.

Ẹ bu láfún tútù yẹn ṣíbí ìjẹun méjì sínú kọ́ọ̀bù mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ́ọ̀bù kìíní, ẹ da itọ́ tútù, èyí tí ẹ kò sè, sí i. Ìkejì, ẹ da omi lásán ṣíbí tíì kan sí i. Ìkẹta, ẹ da itọ́ tí ẹ ti sè sí i. Ẹ ro ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Ṣíbí kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ro gbogbo wọn á kó itọ́ kìíní dé inú àwọn yòókù, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ìwọ̀n ooru 37 °C ni a ń wá, ti ara wa gan-an. Ẹni tí kò ní tọ̀mọ́mítà, kó ṣe é bí a ti ń ṣe omi ìwẹ̀ ọmọ ìkókó, kó fi ìgúnpá wò ó. Bó bá ta á, ó ti gbóná jù.

Ẹ wá kán àyódíìnì sórí àwo funfun ní ìlà ìlà mẹ́ta, kí wọ́n má kan ara wọn. Ní ìṣẹ́jú 2, 2, ẹ fi dírọ́pà fa díẹ̀ láti inú kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀kán tirẹ̀. Ẹ máa fi omi ṣan dírọ́pà kí ẹ tó lọ sí kọ́ọ̀bù mìíràn.

Ìlà kejì á dúró lórí aró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkẹta náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ti kìíní. Á kọ́kọ́ jẹ́ aró, lẹ́yìn náà á di àlùkò, á di pupa tó dọ̀tí díẹ̀, nígbà tó bá yá àwọ̀ tíì nìkan ni ẹ máa rí, bí ẹni pé ẹ kò kán nǹkan kan sí i. Ó lè yá láàárín ìṣẹ́jú 5, ó lè tó 20. Kì í ṣe pé ẹni tí tirẹ̀ pẹ́ ṣe é lódì: jíìnì AMY1 ló ń mú kí itọ́ ní ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ ámíléèsì, iye ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lára ènìyàn kò sì dọ́gba. Bí kò bá yí rárá, ó ṣeé ṣe kí láfún yín ki jù. Ẹ fi omi là á, kí ẹ tún un ṣe.

Ámíléèsì yẹn ló ń fi omi sáàárín glukóòsì àti glukóòsì. Bí ìlà gígùn ṣe ń já wẹ́wẹ́ ni àwọ̀ ń yí: ìlà gígùn ló ń fúnni ní aró, àwọn tó gùn díẹ̀ ń fúnni ní àlùkò àti pupa, èyí tó kúrú kò lè yí po tó láti gba àyódíìnì sínú. Máltóòsì ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù sí kọ́ọ̀bù kìíní. Glukóòsì méjì tó ṣì di ara wọn mú ni, ìyẹn 342 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńsáìmù mìíràn tó wà lára ògiri ìfun kékeré, máltéèsì, ló máa ń parí iṣẹ́ náà, kí glukóòsì tó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Kọ́ọ̀bù kẹta rán wa létí pé prótéènì ni ẹ́ńsáìmù. Ooru ti ba ìrísí rẹ̀ jẹ́, kò sì lè padà sí i mọ́. Òtútù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kó kọ́ọ̀bù kan sínú omi yìnyín, iṣẹ́ á kàn falẹ̀, bí ẹ bá sì mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ohun tí ásíìdì inú ikùn ń ṣe, kó kọ́kọ́ da fínígà ṣíbí tíì kan sínú láfún kó tó da itọ́ sí i. Aró á dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ itọ́ ṣe máa ń dúró nígbà tí òkèlè bá dé ikùn tí ásíìdì sì pò mọ́ ọn, títí yóò fi dé ìfun kékeré níbi tí ámíléèsì láti inú páńkíríà, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, ti ń tẹ̀ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ dípò fínígà. Fítámì C inú rẹ̀ máa ń pa àwọ̀ àyódíìnì, ẹ ó sì rò pé sítáàṣì ti tú nígbà tó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Fítámì C yẹn kan náà lè mú àbàwọ́n àyódíìnì kúrò lára aṣọ: ẹ lọ oògùn rẹ̀ kan kúnná, kí ẹ fi omi pò ó, kí ẹ fi ra ojú ibẹ̀.

Kì í ṣe itọ́ nìkan ló ní ámíléèsì. Anselme Payen àti Jean-François Persoz ní ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ yọ irú ẹ́ńsáìmù yìí jáde ní 1833, láti ara ọkà bálì tó hù. Àwọn ìyá tó ń pọn ọtí bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní ilẹ̀ wa ń lo ọgbọ́n kan náà: wọ́n á rẹ ọkà, wọ́n á jẹ́ kó hù, torí pé ìgbà tó bá hù ni irúgbìn máa ń tú sítáàṣì rẹ̀ fún ọmọ ewéko láti jẹ. Ẹ lọ àgbàdo tó ti hù, ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ fi omi tó mọ́ lórí rẹ̀ rọ́pò itọ́ nínú iṣẹ́ òkè yìí. Á ṣe é. Ẹni tí itọ́ bá ń rí lára, èyí ni kó lò.

Ṣé ṣúgà ló kù síbẹ̀ lóòótọ́?

Àyódíìnì kàn sọ fún wa pé sítáàṣì kò sí mọ́ ni. Kò sọ pé ṣúgà ti dé. Omi Benedict ló ń sọ ìyẹn, ẹ ó sì nílò olùkọ́ àti yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ fún un. Búlúù ni, torí pé kọ́pà sọ́lféètì wà nínú rẹ̀. Ẹ bu 2 ml láti inú kọ́ọ̀bù kìíní sínú tẹ́ẹ̀sì-túùbù, ẹ fi omi Benedict 2 ml sí i, kí ẹ gbé e sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 5. Bí ṣúgà bá kéré níbẹ̀, á di àwọ̀ ewé. Bó bá pọ̀ sí i, á di ìyeyè, á di ọsàn, dé orí pupa bíríkì tó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ ṣe ti kọ́ọ̀bù kejì náà, búlúù ló máa wà.

Ẹ fi oyin tí ẹ pò mọ́ omi wò ó, á pupa kíákíá, torí glukóòsì àti frúktóòsì ló pọ̀ jù nínú oyin. Ẹ wá fi ṣúgà onígun wò ó. Kò ní yí! Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé ohun tó dùn jù lórí tábìlì ló sọ pé òun kì í ṣe ṣúgà. Glukóòsì kan àti frúktóòsì kan tó so pọ̀ ni ṣúgà onígun, àwọn méjèèjì sì fi ibi tó yẹ kó bá kọ́pà ṣiṣẹ́ di ara wọn mú. Ẹ kán ásíìdì haidrokilóríìkì tí a ti là díẹ̀ sí i, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi sódà tí a fi ń ṣe kéèkì pa ásíìdì náà títí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ tó wá fi omi Benedict dán an wò. Pupa bíríkì. Omi ti wọlé, àwọn méjèèjì ti tú.

Aṣọ àti ẹ̀kọ tó wà lórí rẹ̀

Aláró ni ìyá mi ní Ìtòkú. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni tiwọn: ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù àti kọ́pà sọ́lféètì sè, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ sórí aṣọ olówùú funfun, kí aró má bàa dé ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Láti kékeré ni mo ti ń wo iṣẹ́ yẹn, ó sì dá mi lójú pé kò sí ibòmíràn tó dára tó o láti fi kọ́ ọmọ ní kábòháídréètì. Glukóòsì ni ẹ̀kọ. Glukóòsì náà ni aṣọ.

Ẹ gé aṣọ olówùú funfun kékeré kan, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, torí aṣọ tuntun máa ń ní sítáàṣì lára láti ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi láfún tẹ́ẹ́rẹ́ kọ nǹkan sí apá kan rẹ̀, orúkọ yín tàbí ìlà lásán, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ kán àyódíìnì tí a ti là yẹn sí i. Ibi tí láfún wà á di aró; ibi tí kò sí, àwọ̀ tíì ló máa wà. Ẹ wá fi itọ́ rin aṣọ mìíràn tí ẹ kọ láfún sí, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ ṣan án, kí ẹ tún fi àyódíìnì wò ó. Ẹ̀kọ ti lọ. Aṣọ kò lu, kò fẹ́lẹ́, kò gbó. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ pàápàá máa ń fi ámíléèsì yọ sítáàṣì kúrò lára òwú torí ìdí yìí gan-an: ó ń jẹ ẹ̀kọ, kì í jẹ aṣọ.

Kí ló fà á nígbà tó jẹ́ glukóòsì kan náà? Bí wọ́n ṣe di ara wọn mú ni. Nínú sítáàṣì, gbogbo glukóòsì kọjú síbì kan náà, ìyẹn ló ń mú kí ìlà náà yí po. Nínú sẹlúlóòsì, tí í ṣe ara òwú, igi àti ewé, bí ọ̀kan bá kọjú sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á dojú dé. Ìlà náà á nà gbọọrọ, àwọn ìlà á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fi háídrójìn di ara wọn mú, wọ́n á le. Ámíléèsì kò mọ irú ìdìmú yẹn tú. Ara ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tó lè tú u. Ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní in, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú ikùn rẹ̀ ló ń bá a tú u. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ fi lè yó lórí koríko tí àwa kò lè yó. Ohun tí ẹ̀fọ́ ń ṣe fún wa nípa sẹlúlóòsì ni pé ó ń kọjá, ó sì ń mú kí ìgbọ̀nsẹ̀ rọrùn. Payen yẹn náà ló yọ sẹlúlóòsì jáde láti ara ewéko ní 1838.

Ọ̀rọ̀ kan nípa rírẹ ẹ̀gẹ́

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí fara balẹ̀ kà. Láfún fúnra rẹ̀ kò lè di láfún láìjẹ́ pé hàídrólísíìsì kan ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní línámárìn. Glukóòsì kan ni, tó di ohun tó ní sáyánáìdì nínú mú. Ẹ́ńsáìmù tó lè tú u wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni yàrá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tí a bá bó o, tí a rẹ ẹ́, tó rọ̀, tí a fọwọ́ fọ́ ọ, àwọn méjèèjì á pàdé. Glukóòsì á já kúrò, ohun tó kù á tú di ásítóònù àti gáàsì sáyánáìdì. Gáàsì yẹn máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 26 °C, nítorí náà oòrùn Abẹ́òkúta tó láti lé e lọ nígbà tí a bá sá a.

Rírẹ fún ọjọ́ 3, 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí ẹ̀gẹ́ á fi rọ̀ dénú, kì í ṣe àṣà lásán. Àkókò tí ẹ́ńsáìmù nílò ni. Ẹni tó rẹ ẹ́ mọ́jú kan, tó gé e, tó sì sá a kíákíá torí pé ọjà ń pè é, ti gba àkókò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, omi kò sì tíì wọlé tó. Ní Kóńgò àti Mòsáḿbíìkì, àìsàn tí wọ́n ń pè ní kónsò máa ń mú ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé àti ìyá rọ lójijì níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí ogun bá ti mú kí wọ́n máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a kò rẹ tó, láìsí prótéènì tó pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ní Ìbàdàn náà ṣe ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún lórí àìsàn iṣan ìmọ̀lára láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ gan-an ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà. Bí ẹ bá ń rẹ tiyín nílé, ẹ jẹ́ kó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ á fi lè fọ́ ọ láìlo agbára, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì sá a kó gbẹ dáadáa.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà rọrùn jù gbogbo èyí lọ. Ẹ ra dúdú, èyí tó ń pọ́n bọ̀, àti èyí tó ti pọ́n rọ̀. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ, ẹ kán àyódíìnì sí i. Aró inú rẹ̀ á máa dín kù láti ti dúdú dé ti pípọ́n, torí ẹ́ńsáìmù inú èso náà ti ń sọ sítáàṣì di ṣúgà bó ṣe ń pọ́n.

Láti inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni mo ti máa ń bá àwọn òbí tí ṣúgà wọn ga sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ń sá fún ohun tó dùn, wọ́n á wá jókòó ti láfún ńlá, wọ́n ní kò dùn. Ahọ́n kì í tọ́ sítáàṣì wò bíi ṣúgà, àmọ́ bó bá fi máa dé inú ẹ̀jẹ̀, glukóòsì náà ni. Gíráàmù kábòháídréètì kan ń fún ara ní bíi kálórì 4, ìbáà dùn, ìbáà má dùn. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan máa ń so glukóòsì tó bá ṣẹ́kù pọ̀ di gláíkójìn, omi á tún jáde, kí wọ́n lè tú u nígbà tí ebi bá dé. Bí òkèlè ṣe yẹ kó tóbi tó, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín.

Ọ̀rá àti prótéènì náà ń tẹ̀ lé ọ̀nà omi yìí. Ọ̀rá kan jẹ́ glísérọ́ọ̀lù kan àti ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta, omi 3 ló sì jáde nígbà tí wọ́n so pọ̀. Nígbà tí a bá fi omi eérú se àdín di ọṣẹ dúdú, a ń tú wọn ká ni. Irú máa ń rùn bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn bakitéríà ti tú prótéènì irúgbìn igi irúgbá di àwọn ámínò ásíìdì, wọ́n sì ti sọ díẹ̀ nínú wọn di amóníà.

Tó bá kan kíkọ ọ́ sínú ìwé, ẹ pín ojú ewé sí mẹ́ta: ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ rí, ohun tó fi hàn. Lábẹ́ ohun tí ẹ rí, àwọ̀ nìkan ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sítáàṣì kò tíì wọ ibẹ̀. Lábẹ́ ohun tó fi hàn ni ẹ ó ti sọ pé sítáàṣì wà tàbí pé kò sí mọ́. Ẹ kọ ti kọ́ọ̀bù kejì àti ìkẹta náà ní kíkún, torí àwọn ló ń fi hàn pé itọ́ tútù ló ṣe iṣẹ́ náà, pé kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe ooru abọ́. Bó bá jẹ́ pé ti kọ́ọ̀bù kìíní yín ṣì wà ní àlùkò nígbà tí aago lù, àlùkò ni kí ẹ kọ.